Bí iléeṣẹ́ ìjọba ṣe lè tún ìkànnì rẹ̀ ṣe kí àwọn akàndá ẹ̀dá lè fi ọwọ́ ara wọn lò ó

Orí ìkànnì iléeṣẹ́ ìjọba ni aráàlú ti ń forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó orí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo èsì ìdánwò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gba ọjọ́ tí wọn yóò rí dókítà. Bí ìkànnì ọlọ́jà kan bá ṣòro lò, oníbàárà á gba ọ̀dọ̀ ọlọ́jà mìíràn lọ. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìwé ìrìnnà kò ní ẹnìkejì. Bí afọ́jú kò bá lè dá kọ fọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀, àfi kó wá ẹni tí yóò bá a kọ ọ́, kó sì sọ ọjọ́ orí rẹ̀, àìsàn rẹ̀, iye tó ń wọlé fún un àti pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ fún onítọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí láti ibi fọ́ọ̀mù, kí ẹ jẹ́ kí àwòrán gàgàrà ojúewé àkọ́kọ́ dúró dìgbà tó bá yá.

Òṣùwọ̀n tí ayé ń lò fún iṣẹ́ yìí ni WCAG, ìyẹn ìlànà bí ìkànnì ṣe lè rọrùn lò fún akàndá ẹ̀dá, tí W3C, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò òṣùwọ̀n íntánẹ́ẹ̀tì, kọ. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1999, ẹ̀dà 2.0 ní 2008, 2.1 ní 2018, 2.2 sì jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Ó ní ìpele mẹ́ta: A, AA àti AAA. Ìpele AA ni òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń béèrè, òun ni kí ẹ̀yin náà dojú kọ. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ètò yín pé gbogbo ìkànnì gbọ́dọ̀ dé AAA, torí W3C fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn nǹkan kan wà tí kò lè dé ibẹ̀ láé. Bí ọ̀gá kan bá sì bi yín pé ta ló ní kí ẹ ṣe èyí, ẹ fi Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá hàn án, èyí tó jáde ní 2006. Abala kẹsàn-án rẹ̀ dárúkọ íntánẹ́ẹ̀tì ní tààrà.

Ẹ kọ́kọ́ mú iṣẹ́ márùn-ún

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kóòdù kankan, ẹ mú iṣẹ́ márùn-ún tí aráàlú ń bá wá sórí ìkànnì yín jù lọ. Ẹ má ṣe méfò. Ẹ wo àkọsílẹ̀ iye ènìyàn tó ń ṣí ojúewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi àwọn tó ń gbé fóònù ní iléeṣẹ́ yín léèrè ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń pè fún. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí ènìyàn ṣe ń rí ojúewé náà, bó ṣe ń wọlé, fọ́ọ̀mù, ìsanwó, ímeèlì ìdáhùn, títí dé rìsíìtì tó máa wá sórí fóònù rẹ̀.

Ibi ìsanwó àti rìsíìtì ni iṣẹ́ sábà máa ń já, torí iléeṣẹ́ mìíràn ni ìjọba máa ń gbé e fún, kì í sì í sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù parí tí kò rí owó san kò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ ka gbogbo ìrìn náà sí ọ̀kan ṣoṣo.

Ẹ yọ máòsì kúrò lára kọ̀ǹpútà

Ìdánwò àkọ́kọ́ nìyí, kò gba owó, kò sì gba ìmọ̀ kóòdù. Ẹ fi Tab lọ síwájú, ẹ fi Shift àti Tab padà sẹ́yìn. Enter ń ṣí líǹkì. Bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn Space, ń tẹ bọ́tìnnì ojúewé, ó sì ń fàmì sí àpótí. Àwọn ọfà ni a fi ń yan ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀, Esc sì ń pa fèrèsé tó bá ṣàdédé yọ. Ẹ gbìyànjú láti fi ìwọ̀nyí nìkan parí iṣẹ́ márùn-ún yẹn.

Afọ́jú nìkan kọ́ ni èyí wà fún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹni tó ń fi ẹnu mú ọ̀pá tẹ kíbọ́ọ̀dù, ẹni tó ń fi bọ́tìnnì kan ṣoṣo darí kọ̀ǹpútà, ọ̀nà kíbọ́ọ̀dù yìí ni púpọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn ń gbà. Bí ọ̀nà yìí bá dí, ó dí mọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó máa kọ́kọ́ yọ yín lẹ́nu ni pé ẹ kò ní mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ ń tẹ Tab, kò sì sí ohun tó yí padà lójú ìwé. Ohun tó fà á ni ìlà `outline: none` nínú CSS, ìyẹn kóòdù tó ń ṣètò ìrísí ojúewé, tí oníṣẹ́ ọnà kan fi síbẹ̀ torí pé ìlà tó yí bọ́tìnnì ká kò wù ú. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi èyí rọ́pò:

`:focus-visible { outline: 3px solid #1a1a1a; outline-offset: 2px; }`

Pẹ̀lú `:focus-visible`, ìlà tó yí bọ́tìnnì ká yẹn kì í sábà yọ sí ẹni tó ń fi máòsì tẹ bọ́tìnnì, tí àríyànjiyàn pẹ̀lú oníṣẹ́ ọnà á sì parí. Bí ẹ̀yìn ojúewé yín bá dúdú, ẹ lo àwọ̀ tó mọ́lẹ̀.

Èkejì ni bọ́tìnnì tí Tab kì í dé rárá. Bí ẹ bá wo kóòdù rẹ̀, ẹ máa rí i pé `div`, ìyẹn àpótí lásán, ni wọ́n so `onclick`, àṣẹ títẹ̀, mọ́. Ó jọ bọ́tìnnì lójú, àmọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n sí bọ́tìnnì. Ẹ fi `button` gidi rọ́pò rẹ̀: Tab á dé ibẹ̀, Enter àti Space á ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú á sì pè é ní bọ́tìnnì, láìsí pé ẹ kọ ìlà kóòdù kan sí i. Ẹni tó bá fẹ́ tún `div` ṣe láti di bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ fi nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un, ó sì máa gbàgbé ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni àhámọ́. Tab wọ inú kàlẹ́ńdà tàbí fèrèsé ìtàkùrọ̀sọ, kò sì lè jáde mọ́. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: fèrèsé yọ síwájú, Tab sì ń rìn kiri lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Bí fèrèsé bá ṣí, Tab gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ Esc, ó gbọ́dọ̀ pa dé, kí Tab sì padà sórí bọ́tìnnì tó ṣí i. Ẹ̀yà `dialog` inú HTML, kóòdù tí wọ́n fi ń kọ ojúewé, bí ẹ bá fi `showModal()` ṣí i, ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí fún yín.

Bí Tab bá ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ wá `tabindex`, èyí tó ń sọ ipò tí Tab máa tẹ̀lé, tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ju 0 lọ, kí ẹ pa á rẹ́. Bí àkọlé tó lẹ̀ mọ́ òkè ojúewé bá ń bo ibi tí Tab dé mọ́lẹ̀, ẹ fi `scroll-padding-top` tó tó gíga àkọlé náà sínú CSS. Kí líǹkì àkọ́kọ́ lórí gbogbo ojúewé sì jẹ́ «Kọjá sí kókó ojúewé», kí ẹni tó ń lo kíbọ́ọ̀dù má baà la ogójì líǹkì kọjá ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí ojúewé tuntun.

Ẹ pa ojú kọ̀ǹpútà, ẹ fetí sílẹ̀

Sọ́fítíwíà kan wà tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè fún afọ́jú. Ẹ̀rọ akàwé la ó máa pè é. NVDA jẹ́ ọ̀fẹ́ fún Windows. VoiceOver ti wà nínú ẹ̀rọ Apple, TalkBack wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù Android. JAWS ni wọ́n ń rà. Kí ẹni tó ń kọ kóòdù yín kọ́ NVDA dáadáa, ọ̀sẹ̀ kan tó o láti mọ ìpìlẹ̀ rẹ̀: H ń lọ sí àkọlé tó kàn, K ń lọ sí líǹkì, F sí àyè inú fọ́ọ̀mù, T sí tábìlì, D sí apá ojúewé. Insert àti F7 ń kó gbogbo àkọlé tàbí líǹkì jọ sínú àtòjọ kan.

Àtòjọ yẹn ni kí ẹ máa wò. Afọ́jú kì í jókòó gbọ́ ojúewé láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ríran kì í ti í ka gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń fò láti orí àkọlé kan sí òmíràn títí tó fi dé ibi tó ń wá. Bí òṣìṣẹ́ yín bá kàn sọ ọ̀rọ̀ di ńlá tó sì mú un nípọn, ojú ló rí i ní àkọlé. Ẹ̀rọ akàwé kò rí nǹkan kan. Àkọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ `h1`, `h2`, `h3` nínú kóòdù, kó tò tẹ̀lé ara wọn, `h1` kan lójúewé kan. Kí ẹ sì fi `header`, `nav`, `main` àti `footer` pín ojúewé sí apá apá.

Orúkọ ojúewé, ìyẹn `title`, ni ẹ̀rọ akàwé ń kà kí ó tó ka ohunkóhun. Bí gbogbo ojúewé yín bá ń jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ nìkan, afọ́jú tó ṣí ojúewé mẹ́fà kò mọ èwo ni èwo. «Owó orí: ìgbésẹ̀ 2 nínú 4» tẹ̀lé orúkọ iléeṣẹ́ ló dára. Ẹ tún wo `lang` lórí `html`. Ojúewé Yorùbá gbọ́dọ̀ ní `lang="yo"`. Ọ̀pọ̀ àwòṣe ojúewé (template) ló máa ń wá pẹ̀lú `lang="en"`, tí ẹ̀rọ á sì máa fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì ka èdè mìíràn. Bí gbólóhùn kan nínú ojúewé bá jẹ́ èdè mìíràn, ẹ fi `lang` tirẹ̀ sí i lára.

Bí ẹ bá ṣí àtòjọ líǹkì tí ẹ gbọ́ «tẹ ibí, tẹ ibí, ka sí i, tẹ ibí», ẹ ti rí iṣẹ́ ọ̀sán yìí. Kí líǹkì sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: «Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, PDF, 2 MB».

Ní ti àwòrán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni: bí àwòrán yìí kò bá sí, kí ni ènìyàn máa pàdánù? Ohun tó máa pàdánù yẹn ni kí ẹ kọ sínú `alt`, gbólóhùn kan tàbí méjì. Bó bá jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán, ẹ kọ `alt=""` kí ẹ̀rọ lè gbójú fò ó. Ẹ má ṣe fi `alt` sílẹ̀ láìkọ rárá, torí nígbà náà ẹ̀rọ lè máa ka orúkọ fáìlì, «IMG 2034 JPG», sí olúwa rẹ̀ létí. Bí àmì iléeṣẹ́ bá jẹ́ líǹkì, kí `alt` rẹ̀ sọ ibi tó ń gbéni lọ. Bí àwòrán ìṣirò bá wà, ẹ fi tábìlì nọ́ńbà rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí òkè òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ `th`.

Èyí tó burú jù lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba ni ìkéde tí wọ́n ṣe bíi pátákó, tí wọ́n sì gbé sórí ìkànnì bí àwòrán. Ọjọ́ tí ètò máa parí, aago, ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, nọ́ńbà fóònù, gbogbo rẹ̀ wà nínú JPEG. Afọ́jú kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀, ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ńlá rí i bàìbàì. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìkéde náà sójúewé ní lẹ́tà gidi. Lẹ́yìn náà, bí pátákó bá wù yín, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú `alt=""`.

Fọ́ọ̀mù

Ẹ wo àyè kan yìí:

`<input type="text" placeholder="Ọjọ́ ìbí">`

Kò ní orúkọ tó dúró. Ọ̀rọ̀ eérú tó wà nínú rẹ̀ ń pòórá nígbà tí ènìyàn bá tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹni tí iyè rẹ̀ kì í dúró á sì gbàgbé ohun tí wọ́n bi í. Àwọ̀ eérú yẹn sábà máa ń rẹ̀ jù fún ojú tó ti ń ṣú. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

`<label for="ojo-ibi">Ọjọ́ ìbí</label>`
`<p id="ojo-ibi-alaye">Bí àpẹẹrẹ: 27 03 1985</p>`
`<input id="ojo-ibi" name="ojo-ibi" type="text" autocomplete="bday" aria-describedby="ojo-ibi-alaye">`

`for` àti `id` gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu lẹ́tà fún lẹ́tà. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, àyè náà ti di aláìlórúkọ nìyẹn, ojú kò sì ní rí i. Bí wọ́n bá bára mu, títẹ orí ọ̀rọ̀ «Ọjọ́ ìbí» pàápàá á gbé ènìyàn wọ inú àyè náà, èyí tó jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n. `aria-describedby` ló ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ka àpẹẹrẹ náà tẹ̀lé orúkọ. `autocomplete` ń jẹ́ kí fóònù bá ènìyàn kọ ohun tó ti mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé a kò fi kàlẹ́ńdà síbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí ní 1950 kò yẹ kó máa tẹ ọfà láti oṣù dé oṣù padà dé ibẹ̀. Kàlẹ́ńdà wúlò fún ọjọ́ tó ń bọ̀, kó sì jẹ́ pé ènìyàn tún lè fi ọwọ́ kọ ọ́.

Bí ìbéèrè bá ní ìdáhùn tí a ń yàn, bíi «Bẹ́ẹ̀ ni» àti «Rárá», ẹ kó wọn sínú `fieldset`, kí ìbéèrè náà jẹ́ `legend`. Láìsí èyí, «Bẹ́ẹ̀ ni» nìkan ni afọ́jú máa gbọ́, kò ní mọ ohun tó ń gbà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sọ ibi tó jẹ́ dandan. Ẹ má fi àmì pupa nìkan sọ ọ́.

Àṣìṣe ni ibi tí ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ti ń lé ènìyàn padà sílé. Ènìyàn tẹ bọ́tìnnì ìparí, ojúewé mì díẹ̀, àyè méjì di pupa ní òkè, kò sì sí ohun tí ẹ̀rọ akàwé sọ. Afọ́jú tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó rò pé ìkànnì ti kú. Bí ẹ ṣe máa tún un ṣe nìyí. Bí fọ́ọ̀mù bá ní àṣìṣe, ẹ gbé àpótí kan jáde lókè tó ka iye àṣìṣe tó wà, kí ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn jẹ́ líǹkì tó lọ tààrà sí àyè tó kàn. Ẹ gbé Tab lọ sórí àpótí náà; `tabindex="-1"` pẹ̀lú `focus()` ló ń ṣe é. Ẹ fi «Àṣìṣe:» síwájú `title` ojúewé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè kọ̀ọ̀kan tó ní àṣìṣe, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ so ó mọ́ àyè náà pẹ̀lú `aria-describedby`, ẹ sì fi `aria-invalid="true"` sí i.

Ọ̀rọ̀ àṣìṣe gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ènìyàn máa ṣe. «Nọ́ńbà kò tọ́» kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. «Nọ́ńbà ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ ní ẹyọ nọ́ńbà 8, 7 lẹ kọ» ló ràn án lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá fi àlàfo sáàárín nọ́ńbà, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yọ ọ́. Ẹ má ṣe pa ohun tó ti kọ rẹ́. Ẹ má ṣe bi í lẹ́ẹ̀mejì ní ohun tó ti dáhùn ní ìgbésẹ̀ tó ṣáájú. Kí ó tó fọwọ́ sí ohun tó kan owó tàbí òfin, ẹ fi gbogbo ìdáhùn rẹ̀ hàn án lójúewé kan, pẹ̀lú líǹkì «Yí i padà» lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí líǹkì náà sọ ohun tó ń yí: «Yí àdírẹ́sì padà».

Àkókò náà ń ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá. Ẹni tó ń fi ojú tẹ lẹ́tà, tàbí tó ń gbọ́ ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kò lè kọ fọ́ọ̀mù gígùn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ìkànnì bá máa yọ ènìyàn jáde, ó gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún un ṣáájú, kó fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 20 ó kéré tán láti tẹ bọ́tìnnì kan tó rọrùn, kó sì lè sún àkókò síwájú tó ìgbà mẹ́wàá. Èyí tó dára jù ni kí ẹ máa tọ́jú ohun tó ti kọ, kó lè padà wá parí rẹ̀ lọ́la.

Ibi ìwọlé, ẹ mú àdììtú àwòrán kúrò, ìyẹn «ẹ yan gbogbo àwòrán tó ní kẹ̀kẹ́». Afọ́jú kò rí i, ti etí kì í yé ọ̀pọ̀ ènìyàn, adití afọ́jú kò sì ní ọ̀nà kankan níbẹ̀. Ẹ fi àyè pípamọ́ tí ènìyàn kì í rí àmọ́ tí róbọ́ọ̀tì máa ń kọ nǹkan sí rọ́pò rẹ̀, kí `display: none` wà lórí rẹ̀ kí ẹ̀rọ akàwé má baà kà á, kí ẹ sì dín iye ìgbà tí àdírẹ́sì kan lè gbìyànjú láàárín wákàtí kan kù. Ẹ má sì dí ènìyàn lọ́wọ́ láti lẹ pásíwọ́ọ̀dù tàbí nọ́ńbà ìfẹ̀rílélẹ̀ mọ́ àyè rẹ̀.

Àwọ̀, ìwọ̀n àti ohun tó ń yí

Ọ̀rọ̀ lásán gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n 4.5 sí 1. Ọ̀rọ̀ ńlá, ìyẹn 24px sókè (px ni ẹyọ ìwọ̀n ojú kọ̀ǹpútà), tàbí 18.66px tó nípọn, lè jẹ́ 3 sí 1. Ìlà etí àyè fọ́ọ̀mù àti àmì tó ní ìtumọ̀ náà gbọ́dọ̀ dé 3 sí 1. Lórí funfun, eérú `#767676` yege, `#777777` kò yege. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn, ẹ fi sọ́fítíwíà Colour Contrast Analyser wọ̀n ọ́. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ sórí fọ́tò.

Ẹ sọ ojúewé di ńlá dé 400% lórí fèrèsé tó fẹ̀ tó 1280px. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ tò sísàlẹ̀ láìsí pé ènìyàn ń fà á lọ sí ọ̀tún. Bí ẹ bá rí `user-scalable=no` nínú kóòdù, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀; òun ló ń dí ènìyàn lọ́wọ́ láti fẹ ojú fóònù. Bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ tó 24px ní gígùn àti ìbú, 44px ló sì tu ọwọ́ lára. Àwòrán tó ń yí fúnra rẹ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ gbọ́dọ̀ ní bọ́tìnnì ìdádúró. Ìmọ̀ràn wa ni kí ẹ yọ ọ́ pátápátá. Ohunkóhun kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú ju ìgbà 3 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí ó lè mú wárápá bẹ̀rẹ̀.

PDF

Iléeṣẹ́ ìjọba máa ń ní PDF tó kún inú àjà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo wọn ṣe. Ẹ kọ́kọ́ pa èyí tó ti di ìgbàgbé rẹ́. Èyí tó jẹ́ ìkéde tàbí ìtọ́sọ́nà, ẹ sọ ọ́ di ojúewé lásán, torí ojúewé máa ń rọrùn láti kà lórí fóònù ju PDF lọ fún gbogbo ènìyàn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni kí ẹ jókòó tì.

Inú Word tàbí LibreOffice ni PDF rere ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lo àkọlé inú àtòjọ style, ẹ má kàn mú ọ̀rọ̀ nípọn. Ẹ fi `alt` sí àwòrán, ẹ fi tábìlì gidi ṣe tábìlì, ẹ kọ orúkọ ìwé àti èdè rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ lo «Save as» tàbí «Export», kí ẹ sì rí i pé ẹ yan tags, ìyẹn àmì tó ń sọ fún ẹ̀rọ akàwé èyí tó jẹ́ àkọlé, tábìlì tàbí àwòrán. Ẹni tó bá gba ọ̀nà «Print» lọ sí PDF ti sọ gbogbo iṣẹ́ yẹn nù, àkọlé á di ọ̀rọ̀ ńlá lásán. PDF/UA, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ISO 14289, ni òṣùwọ̀n rẹ̀. PAC, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ lórí Windows, ni ẹ lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwé tí wọ́n fi skánà yà jẹ́ àwòrán. Bí ẹ kò bá lè fi máòsì yan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀rọ akàwé kò lè kà á. Ohun tó ń fà á ni pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú, kí wọ́n tó gbé e jáde. Ẹ gbé méjèèjì jáde nígbà náà: ìwé tó ti inú Word wá fún kíkà, ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀rí, kí ẹ sì sọ èwo ni èwo nínú líǹkì.

Fídíò

Fídíò gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tó ka ohun tí wọ́n sọ àti ìró tó ní ìtumọ̀. Èyí tí kọ̀ǹpútà bá fúnra rẹ̀ kọ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ yẹ orúkọ ènìyàn, ọjọ́ àti iye owó wò, ibẹ̀ ló ti ń ṣì í. Fún afọ́jú, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ ohun tó wà lójú. «Ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ń wò yìí» kò tó, kó ka nọ́ńbà náà. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹ ń ya fídíò, ó máa ń náni ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ṣe é lẹ́yìn. Ìkéde pàjáwìrì gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ èdè àwọn adití, kí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ hàn gedegbe, torí ọ̀pọ̀ adití ni èdè ọwọ́ jẹ́ èdè àkọ́kọ́ wọn. Ẹ má sì fi nọ́ńbà fóònù nìkan ṣe ọ̀nà ìkànsí.

Ẹ̀rọ ìdánwò, àti ohun tí kò yẹ kí ẹ rà

axe DevTools, WAVE àti Lighthouse ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ṣí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lò wọ́n. Wọ́n mọ̀ bí `alt` kò bá sí, àmọ́ wọn kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Lighthouse lè fún ojúewé ní 100, kí afọ́jú má sì rí fọ́ọ̀mù ibẹ̀ kọ.

Wọ́n tún máa wá tà á fún yín pé ìlà kóòdù kan ṣoṣo á tún gbogbo ìkànnì ṣe, tí àmì kékeré kan á yọ ní igun ojúewé. Ẹ má rà á. Bí ẹni ń kun ọ̀dà sí ògiri tó ti là ni. `div` tó dà bíi bọ́tìnnì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, PDF kò yí padà, ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ sì ti ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ti mọ̀ lò, tí nǹkan yìí tún máa ń bá jà.

Ẹ pe àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wọn. Ènìyàn márùn-ún tí ìṣòro wọn yàtọ̀ síra tó láti bẹ̀rẹ̀: afọ́jú kan, ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣú, adití kan, ẹni tí kò lè lo máòsì, ẹni tí ìwé kíkà ṣòro fún. Ẹ sanwó fún wọn, iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe. Kí wọ́n lo ẹ̀rọ tiwọn. Ẹ fún wọn ní iṣẹ́ kan láti parí, kí ẹ panu mọ́, kí ẹ máa kọ ibi tí wọ́n ti dúró.

Kí ó má baà bàjẹ́ padà

Ìwé àdéhùn ni ohun àkọ́kọ́. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé WCAG 2.2 ní ìpele AA ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé, pé ìdánwò kíbọ́ọ̀dù àti NVDA lórí iṣẹ́ márùn-ún yẹn máa wáyé kí owó ìkẹyìn tó jáde, àti pé ẹni tó ṣe é ló máa tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Sọ́fítíwíà ìsanwó náà gbọ́dọ̀ wọ inú àdéhùn yìí.

Ẹ tún ètò ìkànnì ṣe kó má gba àwòrán wọlé títí òṣìṣẹ́ fi kọ `alt` tàbí tó fàmì sí i pé ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ kọ́ àwọn tó ń gbé ìkéde sórí ìkànnì ní nǹkan mẹ́ta péré: àkọlé gidi, líǹkì tó sọ̀rọ̀, kò sí ìkéde nínú JPEG.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ojúewé kan jáde tí líǹkì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ gbogbo ojúewé. Kó sọ òṣùwọ̀n tí ẹ ń tẹ̀lé, ohun tí kò tíì ṣiṣẹ́ ní pàtó, ìgbà tí ẹ máa tún un ṣe, ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà ṣe iṣẹ́ náà títí dìgbà yẹn, ọjọ́ tí ẹ yẹ ìkànnì wò kẹ́yìn, àti ímeèlì pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí. Kí òṣìṣẹ́ kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀, máa ṣí ímeèlì yẹn lójoojúmọ́. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí ìdáhùn máa gbà síbẹ̀, kí ẹ sì fún òṣìṣẹ́ náà ní àṣẹ láti pe ẹni tó ń kọ kóòdù tààrà láìkọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ.